Páńẹ́lì ilẹ̀ ọkọ̀ fún Jeep Cherokee àtijọ́: ohun tó wà nínú páálí àti ohun tí kò sí níbẹ̀

Ẹni tó bá ní Jeep Cherokee onígun mẹ́rin àtijọ́, èyí tí wọ́n ṣe láti 1984 sí 2001 tí àwọn olùfẹ́ rẹ̀ ń pè ní XJ, kò ní ṣàì ká rọ́ọ̀gì rẹ̀ sókè lọ́jọ́ kan kó sì máa wo títì láti inú ọkọ̀. Páńẹ́lì tí a ń yẹ̀ wò yìí ni irin ilẹ̀ iwájú tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ tẹ̀ kó lè bá ìrísí ti ilé iṣẹ́ mu. Wọ́n ń tà á ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, òsì lọ́tọ̀, ọ̀tún lọ́tọ̀. Àwọn tó ń ṣe é ju ẹnì kan lọ, ṣùgbọ́n ọjà wọn jọra débi pé ohun tí a ó sọ níbí kan gbogbo wọn.

Ó tọ́ sí rírà. Ẹ má jẹ́ ká fi ìyẹn pamọ́ di ìparí. Páńẹ́lì-bítà tó mọṣẹ́ lè fi òòlù yọ irú ìrísí yẹn, àmọ́ ọjọ́ púpọ̀ ló máa gbà á, orí ilẹ̀ náà kò sì ní tẹ́jú tó ti ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ìdajì àtúnṣe kò sí nínú páálí tí wọ́n fi kó o wá, ìdajì yẹn ni àìsí rẹ̀ sì máa ń jẹ́ kí ilẹ̀ tuntun tún jẹrà láàárín òjò méjì.

Ohun tó ya Cherokee yìí sọ́tọ̀ ni pé kò ní ṣáṣí. Land Cruiser àtijọ́ àti 4Runner ní ṣáṣí tí ara ọkọ̀ jókòó lé, nítorí náà bí ilẹ̀ wọn bá tilẹ̀ jò, ọkọ̀ ṣì dúró. Ti Cherokee, irin gígùn méjì ni wọ́n jó mọ́ abẹ́ ilẹ̀, ọ̀kan lósì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ó rí bí gọ́tà tí a dojú rẹ̀ sókè. Irin gọ́tà la ó máa pè é. Ilẹ̀ ọkọ̀ gan-an ni ìdérí gọ́tà náà. Ọ̀pá tó di ẹsẹ̀ iwájú mú, síprín ẹ̀yìn, àti irin tó gbé gíàbọ́ọ̀sì, ara irin gọ́tà yìí ni gbogbo wọn so mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá jẹrà, gọ́tà ti pàdánù ìdérí rẹ̀, agbára tó ń di ọkọ̀ mú ti dín kù nìyẹn. Ìdí rèé tí fífi páànù pélébé bo ihò rẹ̀ fi léwu ju bó ṣe rí lójú lọ.

Ibo ni omi ti ń wọlé? Ẹni tó bá ra tòkunbọ̀ láti àríwá Amẹ́ríkà ra iyọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín máa ń kó sínú irin gọ́tà, ó sì máa ń jókòó síbẹ̀ dé Èkó, kí ọ̀rinrin wa tó wá bá a ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, láti òkè ni ilẹ̀ Cherokee sábà máa ń jẹrà wá sísàlẹ̀. Rọ́bà gíláàsì iwájú tó ti gbẹ, bóòtù agbẹ́rù orí òrùlé, rọ́bà ilẹ̀kùn, àti rédíétọ̀ kékeré tó ń mú ooru wọ inú ọkọ̀, ọ̀nà omi nìwọ̀nyí. Nínú ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lósì, ti ooru yẹn máa ń jò sí ibi ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó lọ́tùn-ún, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n nípa òórùn dídùn àti bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ohun tó burú jù ni òwú tó nípọn lábẹ́ rọ́ọ̀gì. Òkè rọ́ọ̀gì lè gbẹ fún oṣù kan kí òwú abẹ́ rẹ̀ ṣì máa ro.

Kí ẹ tó sanwó páńẹ́lì, ẹ yọ ìjókòó iwájú àti rọ́ọ̀gì kúrò pátápátá, kí ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹnì kejì máa da omi láti ìta. Ìsàlẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú 10 níbi ìsàlẹ̀ gíláàsì, kó tó gòkè sí etí gíláàsì, kó tó dé òrùlé. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, omi máa ṣàn kárí, ẹ kò sì ní mọ ibi tó gbà wọlé. Ibi tí omi ń gbà wọlé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dí. Ilẹ̀ tuntun lábẹ́ gíláàsì tó ń jò, owó tí a sọ sómi ni.

Ó ku àyẹ̀wò irin. Ẹ mú òòlù kékeré àti sikúrúdiráìfà. Irin tó yè máa ń dún kiniwin, èyí tó ti jẹrà máa ń dún bí ẹni lu páálí. Ẹ fi sikúrúdiráìfà gún gbogbo abẹ́ irin gọ́tà, pàápàá níbi tí irin tó gbé gíàbọ́ọ̀sì ti wọlé, àti irin ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí ilẹ̀ nìkan ló jẹrà tí irin gọ́tà le, páńẹ́lì yìí ni oògùn yín. Bí irin gọ́tà bá luhò, ẹ gbọ́dọ̀ ra irin àtúnṣe rẹ̀ lọ́tọ̀, òun ni ẹ ó sì kọ́kọ́ jó kí ilẹ̀ tó dé orí rẹ̀. Bí gọ́tà, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti ilẹ̀ bá jọ jẹrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ọkọ̀ mìíràn ni kẹ́ ẹ máa wá.

Irin páńẹ́lì náà jẹ́ géèjì 18, ìyẹn nǹkan bíi mílímítà 1.2. Ó nípọn tó fún ilẹ̀ ọkọ̀, kì í sì í tètè luhò lábẹ́ iná ìjórin. Àwọn ìlà tó ga tó sì rẹ̀ sísàlẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sí i lára kì í ṣe ẹ̀ṣọ́, àwọn ló ń jẹ́ kó le, torí náà ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi òòlù tẹ́ wọn kí páńẹ́lì lè "jókòó dáadáa." Níbi gegele àárín, ìyẹn ibi tó ga láàárín ilẹ̀ ọkọ̀ tí gíàbọ́ọ̀sì wà lábẹ́ rẹ̀, ó máa ń bá ara mu. Níbi tí ilẹ̀ ti ń gòkè lọ sí abẹ́ bíréèkì àti etí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ni ìyọnu wà. Ẹ máa ní láti gé díẹ̀, ẹ sì lè la etí rẹ̀ lójú méjì tàbí mẹ́ta kó tó gbà láti tẹ̀, kẹ́ ẹ wá jó ojú tí ẹ là padà. Àléébù tòótọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ó máa bọ́ sílẹ̀ wẹ́rẹ́ kò tíì fi ọwọ́ kàn án.

Ọ̀dà dúdú tó wà lára rẹ̀ kò ju ààbò ìrìn-àjò lọ. Ẹ má fi í pe ọ̀dà. Kò ní ibi tí a ń de bẹ́líìtì mọ́, kò ní ẹsẹ̀ tí a ń de ìjókòó mọ́, kò sì ní ihò ìṣàn omi tí ti ilé iṣẹ́ máa ń ní pẹ̀lú ìdérí rọ́bà. Ẹ fara balẹ̀ gé ẹsẹ̀ ìjókòó kúrò lára ilẹ̀ àtijọ́, ẹ wọn ibi tó wà sí gegele àti sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ tó gé e, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Mílímítà 5 tí ẹ bá ṣì, bóòtù ìjókòó kò ní wọlé mọ́. Nígbà tí ẹ bá ń béèrè fún un, òsì ni ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Nàìjíríà, ṣùgbọ́n òsì ni ẹ̀gbẹ́ èrò ní Ìlú Ọba, nítorí náà ẹ má sọ pé "ti awakọ̀," ẹ sọ pé òsì tàbí ọ̀tún.

Nípa fífi í sí, ohun tí yóò tán lórí ẹ̀gbẹ́ kan nìyí: páńẹ́lì kan, díìsìkì ìgé irin mílímítà 1 bíi 8, díìsìkì oníyanrìn 60 mẹ́rin, ẹnu dìríìlì mílímítà 8 méjì tó ń gé ojú ìjó, agolo ọ̀dà zinc tí a lè jó irin lórí rẹ̀ kan, ọ̀dà ìpìlẹ̀ epoxy ìdajì lítà, àti ọ̀pá gọ́ọ̀mù polyurethane mílílítà 310 méjì, ọ̀kan fún òkè, ọ̀kan fún abẹ́.

Ẹ tú bátìrì kúrò, ẹ yọ okùn bíréènbọ́ọ̀sì náà. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí sítáńdì mẹ́rin lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ìwúwo rẹ̀ pín sórí ibi tí irin rẹ̀ le. Ẹ wo àlàfo tó yí ilẹ̀kùn ká, ẹ wọ̀n ọ́n, nítorí bí ó bá yí padà lẹ́yìn tí ẹ gé ilẹ̀, ọkọ̀ ti tẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan ni kẹ́ ẹ máa gé. Gígé òsì àti ọ̀tún pa pọ̀ ló máa ń sọ ọkọ̀ tí kò ní ṣáṣí di ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Lábẹ́ ẹ̀gbẹ́ òsì ni páìpù epo àti páìpù bíréèkì ń gbà lọ sẹ́yìn. Ẹ tú wọn kúrò lára àmúrọ̀ wọn, ẹ fà wọ́n sísàlẹ̀, ẹ fi páànù bò wọ́n. Lábẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni sàlẹ́ńsà wà, pẹ̀lú páànù tó ń dí ooru rẹ̀. Ẹ tọ́jú páànù yẹn, ó gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀, torí láìsí i rọ́ọ̀gì máa jóná lórí ilẹ̀ tuntun. Ẹ ká okùn iná tó wà létí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn sókè kúrò lójú ọ̀nà. Àwọn ohun dúdú bí ọ̀dà títì tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ àtijọ́ láti pa ariwo gbọ́dọ̀ ṣí kúrò ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 10 sí ibi tí iná máa dé, nítorí ó máa ń gba iná láìjẹ́ kí ẹ mọ̀. Ẹ gbé ẹ̀rọ ìpaná sítòsí, kí ẹnì kan sì dúró ti ọkọ̀ náà fún wákàtí kan lẹ́yìn ìjó tó kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó jóná ní ṣọ́ọ̀bù ajórin, lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti lọ jẹun ló jóná.

Ẹ má gé gbogbo ilẹ̀ àtijọ́ kúrò. Ẹ gé e títí dé ibi tí irin tó yè ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìwọ̀n mílímítà 20 sílẹ̀ yípo tí páńẹ́lì tuntun máa jókòó lé. Lórí irin gọ́tà, ẹ fi ẹnu dìríìlì mílímítà 8 gé àwọn ojú ìjó róbótó ti ilé iṣẹ́, ẹ gé ilẹ̀ nìkan, ẹ má gé gọ́tà lábẹ́ rẹ̀. Ibí ni ẹ ti máa rí òótọ́, nítorí inú gọ́tà yóò ṣí sílẹ̀ fún ojú yín. Ẹ fa gbogbo ẹrẹ̀ àti ìpẹtà inú rẹ̀ jáde, ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi mímọ́ kí iyọ̀ lè ṣàn lọ, ẹ jẹ́ kó gbẹ délẹ̀délẹ̀ kí ohunkóhun tó kàn án. Àǹfààní yìí kò ní tún yọjú lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti dé e.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi páńẹ́lì tuntun dán ibẹ̀ wò, ẹ fi àmì sí ibi tó bá lórí gọ́tà, ẹ lu ihò mílímítà 8 sí i ní àlàfo mílímítà 30 sí 40 síra wọn. Ẹ yọ ọ̀dà dúdú kúrò níbi tí irin máa ti bá irin pàdé, ẹ fi ọ̀dà zinc kun ún lójú méjèèjì. Ẹ fi àmúmọ́ra àti bóòtù dì í mọ́lẹ̀ pinpin. Àlàfo tí ìwé lè gbà kọjá láàárín irin méjì ló ń ba ìjó jẹ́, nítorí irin òkè á yọ́ kí ti ìsàlẹ̀ tó gbóná.

Ẹ̀rọ tó yẹ iṣẹ́ yìí ni ẹ̀rọ ìjórin onígáàsì tí àwọn ajórin wa ń pè ní CO2, pẹ̀lú wáyà mílímítà 0.6 àti gáàsì argon 75 sí CO2 25 nínú 100. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní àárín ihò, kẹ́ ẹ máa yí jáde lọ sí etí rẹ̀. Lórí etí tó kù, ẹ fi ìjó kéékèèké mú un ní ẹ̀yìn ìwọ̀n ìka mẹ́rin mẹ́rin, kẹ́ ẹ máa fò láti igun kan sí igun òdìkejì, kí ooru má bàa kó jọ síbì kan. Nígbà tí ó bá ti dìmú yípo ni kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dí àlàfo àárín wọn, ìwọ̀n ínṣì kan lẹ́ẹ̀kan, kó tutù, kẹ́ ẹ tó tẹ̀ síwájú. Ẹni tó bá fa ìjó gígùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo máa rí ilẹ̀ tó wú bí ikùn àgbá.

Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa, iná kábáìdì ni páńẹ́lì-bítà ń lò. Ó lè jó irin yìí mọ́ra, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ ń tàn ká, ó ń ká páńẹ́lì, ó sì ń jó ọ̀dà zinc kúrò jìnnà sí ojú ìjó. Ọ̀pá ìjórin géèjì 12 burú ju ìyẹn lọ, ihò ló máa ń lù sí irin tó tín-ín-rín báyìí. Ẹ béèrè fún CO2 kẹ́ ẹ tó gbé ọkọ̀ sílẹ̀ fún ajórin. Èéfín funfun tó ń jáde lára zinc máa ń fa ibà àti gbígbọ̀n lálẹ́ ọjọ́ náà. Mílíìkì tí àwọn ajórin ń mu lẹ́yìn iṣẹ́ kò mú un kúrò. Ìbomú tó dára àti ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ló ń gbani.

Ohun tó kù ló máa sọ bí ọdún ilẹ̀ náà ṣe máa gùn tó. Ẹ fi díìsìkì tẹ́ ojú ìjó, ẹ nù ún mọ́, ẹ fi epoxy kùn ún lókè àti lábẹ́, lẹ́yìn náà ni gọ́ọ̀mù máa wọ gbogbo ojú ìpàdé. Bí ẹ bá fi gọ́ọ̀mù sórí irin ìhòòhò, ìpẹtà á máa rìn lábẹ́ rẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Sílíkóònù ti gíláàsì ilé kò yẹ rárá, òmíràn nínú wọn ń tú kíkan jáde nígbà tó bá ń gbẹ, kíkan yẹn a sì máa jẹ irin. Ẹ jẹ́ kí gọ́ọ̀mù gbẹ di ọjọ́ kejì. Abẹ́ ọkọ̀ lè wá gba ọ̀dà dúdú aláàbò. Inú irin gọ́tà, epo ìda olómi ni kẹ́ ẹ fi páìpù tín-ín-rín fọ́n sí i, lítà kan tó fún méjèèjì, kẹ́ ẹ sì ríi pé ihò ìṣàn omi wọn ṣí. Ìdọ̀tí nínú ihò yẹn nìkan tó láti ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́.

Nípa àwọn oògùn tí wọ́n ń tà pé ó ń sọ ìpẹtà di irin: ìpẹtà ojú lásán ni wọ́n lè mú. Èyí tó ti ń ṣí bí èèpo igi, ẹ fi ọwọ́ ká a kúrò, ẹ gé e. Fáíbà àti bọ́dífílà lórí ihò ilẹ̀ jẹ́ egbò tí a kò wẹ̀ tí a fi aṣọ bò; omi á sá sí àárín wọn, kò sì ní fún ọkọ̀ lágbára kankan. Páànù tí a fi rífẹ́ẹ̀tì kàn náà rí bẹ́ẹ̀, ó tún ń jẹ́ kí èéfín sàlẹ́ńsà wọ inú ọkọ̀, gáàsì tí kò lóòórùn tó lè pani sì wà nínú èéfín náà.

Bí páńẹ́lì títẹ̀ kò bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ọ̀nà méjì ló ṣì dára. Èkíní ni irin tí wọ́n gé láti ara Cherokee mìíràn tí kò rí yìnyín rí, irú èyí tó wá láti Arizona tàbí gúúsù California. Ó máa ń wá pẹ̀lú ẹsẹ̀ ìjókòó àti ihò ìṣàn omi rẹ̀ ní àyè wọn, nínú èyí ló fi dára ju tuntun lọ. Ẹ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò ní Ládípò kẹ́ ẹ tó sanwó. Èkejì ni ṣíìtì géèjì 18 láti Owódé Onírin. Odindi ṣíìtì ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8 wúwo tó kílò 28, ó sì ju ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ. Bí ihò yín kò bá ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ tó sì wà níbi tó tẹ́jú, ṣíìtì yìí ni kẹ́ ẹ lò, páńẹ́lì odindi ti pọ̀ jù fún un.

Fún àwọn ará wa ní Ìlú Ọba, òfin MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń ṣe fún ọkọ̀ níbẹ̀, ní ohun tó kan iṣẹ́ yìí. Ìpẹtà tó dín agbára irin kù ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 30 sí ibi tí a de bẹ́líìtì ìjókòó, síprín tàbí bíréèkì mọ́ lè mú kí ọkọ̀ kùnà nínú àyẹ̀wò náà. Páànù tí ẹ bá fi tún irú ibẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ ní ìjó yípo láìdáwọ́ dúró. Kìkì páńẹ́lì odindi tó rọ́pò ti ilé iṣẹ́ ni wọ́n gbà kẹ́ ẹ fi ìjó róbótó dì, níbi tí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí mìíràn rèé tí páńẹ́lì títẹ̀ fi sàn ju páànù tí a kàn lẹ̀ mọ́ ihò lọ níbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ojú ìjó kí gọ́ọ̀mù tó bò ó.

Nígbà tí páálí bá dé, ẹ tú u lójú ẹni tó gbé e wá. Etí páńẹ́lì tín-ín-rín, igun rẹ̀ sì máa ń ká nínú ọkọ̀ òkun. Igun tó ká díẹ̀ ṣeé nà padà, ṣùgbọ́n bí ìlà tí wọ́n tẹ̀ sí àárín rẹ̀ bá ti fọ́ tàbí tó wọ́, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀, nítorí kò sí òòlù tó máa dá a padà sí bó ṣe wà.